Oúnjẹ Ẹ̀jẹ̀ Tí Bàbá Rẹ Ń Bá Mi Jẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ aránṣọ ń lọ, abẹ́rẹ́ kò sì gún ọ lọ́wọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kó sú ọ. Èmi ni ó ti rẹ̀. Kí n tó ti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, màá ti fara ti ògiri lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń kọ lẹ́tà yìí bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún mi níìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ mi sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó jọ fóònù rẹ, ẹ̀rọ náà kò pe ẹnikẹ́ni, ó kàn kọ nọ́ńbà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Mo ní ta ló wá jí i? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká máa se ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ dúdú dáadáa, pé inú wọn ni ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà, ká fi ọsàn tẹ̀ lé e torí ọsàn ló ń bá ara gba ohun tó wà nínú ẹ̀fọ́, ká má sì fi tíì sin oúnjẹ náà.

N kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré o. Mo ra ẹ̀dọ̀, mo ra ẹyin, mo sè é, mo gbé e síwájú bàbá rẹ. Ta ni ǹ bá tún gbé e fún? Àwọn ni olórí ilé, àwọn àgbà sì ti sọ fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ara kan ni tọkọtaya, mo ní ẹ̀jẹ̀ náà á wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi fi omi ọbẹ̀ ìdí ìkòkò jẹ ìrẹsì bí mo ṣe máa ń ṣe.

Oúnjẹ náà mà ṣiṣẹ́ o! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ kún, wọ́n ń fi ayùn rẹ́ pákó bí ọ̀dọ́, ṣòkòtò wọn kò sì fẹ́ gba ìdí wọn mọ́. Àmọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì tún gún mi, nọ́ńbà ti wálẹ̀ sí i. Mo ní ẹ̀rọ rẹ ti bàjẹ́. Ó bi mí pé ta ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ náà. Mo dá a lóhùn. Ó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ pe bàbá rẹ, ó ní bó bá ń lọ báyìí, màá sùn lọ́jọ́ kan n kò ní jí.

Bàbá rẹ tẹ̀ lé mi délé. Wọ́n jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lára wọn, ojú wọn pọ́n, wọ́n ní àwọn rò pé tèmi wà nínú ìkòkò ni. N kò bínú sí wọn, ọmọ mi, ó kàn rẹ̀ mí ni.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀dọ̀ ẹni méjì la ń rà báyìí. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe, ẹnu rẹ ni yóò jẹ ẹ́, o ò ní fi àárẹ̀ dàgbà.

N ó dúró níbí. Bàbá rẹ ti fúnra wọn bu oúnjẹ, tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ bù, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó máa dìde àfi tí mo bá jẹ ẹ́ tán. Àkọ́bí mi, láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń se ẹ̀dọ̀, n kò mọ̀ pé ó máa ń rọ̀ tó báyìí nígbà tó bá ṣì gbóná.

Èmi ìyá rẹ ni.