Àwọn Ilà Kúkúrú Ìdí Ìbọn

Hardin, Montana
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Lyle, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Donna ìyàwó rẹ. Àdúrà mi ni pé kí orúnkún rẹ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti máa gbé ọ rìn, kí yìnyín ọ̀dọ̀ yín sì ti máa yọ́. Ara mi le díẹ̀. Ọkàn mi ni kò le.

Ọ̀rọ̀ ìbọn tí mo rà lọ́jà àwa alákòójọ ìbọn àtijọ́ ní Billings ni, ìbọn kúkúrú àwọn sójà ẹlẹ́ṣin ayé ìgbà tí wọ́n ń bá àwọn Cheyenne tó ni ilẹ̀ yìí jà. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé e, tí o ń fi àtàǹpàkò ka àwọn ilà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín sídìí rẹ̀. Dub tó ń tà á ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ilà gígùn, àgbà tí sójà yìí pa ni. Ilà kúkúrú, ọmọdé ni. Bọ̀ọ̀dá yìí ò fiṣẹ́ ṣeré o!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Lyle. Mo tún ní kó tètè bá mi wé e láṣọ kí ẹlòmíràn tó fojú sí i lára.

Mo gbé e délé. Mo wo àwọn ìbọn mi yòókù lára ògiri, àfi bíi pé wọ́n ń rùn. Ogún ọdún ni mo fi ń fi òróró pa wọ́n lára bí ọmọ ọwọ́! Ione ìyàwó mi ní, "Bàbá Kirsten, kí nǹkan yẹn jáde nílé yìí, àbí kí èmi jáde."

O mọ òfin wa: ẹni tó bá fi sáńpépà kan igi ìbọn àtijọ́ ti pa á. Mo fi sáńpépà ha á títí ìdí rẹ̀ fi dán bí orí apárí. Mo da eruku rẹ̀ sínú iná. Mo rò pé mo ti mọ́.

Ìgbà náà ni mo wá ránṣẹ́ sí Màmá Verna Walks Ahead, àgbà Cheyenne tó ń tọ́jú ìtàn àwọn òkú wọn, mo sọ ti ilà gígùn àti kúkúrú fún wọn, pé kí wọ́n wá gbé e. Nọ́ńbà ara irin rẹ̀ ni wọ́n fi rí orúkọ sójà tó ni ín nínú ìwé àtijọ́. Òun nìkan ló lé àwọn ará ilé ìyá ìyá Màmá wọ inú àfonífojì lọ́jọ́ tí wọ́n jó abúlé wọn. Màmá gbé ìbọn náà sórí itan, wọ́n fọwọ́ pa igi rẹ̀, wọ́n tún fọwọ́ pa á.

"Àwọn ilà tí o sọ dà?"

Mo ní mo ti ha wọ́n dànù, pé wọ́n ń rí mi lára.

"Ń rí ọ lára? Oorun lo fẹ́ sùn, ọmọ mi. Ìyá ìyá mi sọ pé ọmọ méjì ló kú síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn sọ pé mẹ́ta ni. Ọdọọdún la máa ń bu oúnjẹ fún àwọn méjì. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ebi ń pa ọ̀kan látọjọ́ yìí. Kúkúrú mélòó ni?"

N kò mọ̀, Lyle. Mo ka nọ́ńbà ìbọn náà, mo wọn ẹnu rẹ̀, mo ka ìṣó rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. N kò ka àwọn ọmọ. Irú ènìyàn wo nìyẹn?

Ìwọ lo kà wọ́n. Jọ̀ọ́, ronú dáadáa. Méjì ni, àbí mẹ́ta? Bí o kò bá rántí, sọ bẹ́ẹ̀. Má purọ́ tù mí nínú.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà bo ilé rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ẹ̀kọ́,
Delmar

Àfikún: Má fi fóònù pè mí. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì buwọ́ lù ú. Màmá Verna ní àwọn Cheyenne ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa lásán tó.