Mo Gbọ́, Ṣùgbọ́n N Kò Dáhùn

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ti ń gbọ́ oògùn? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi náà ṣì wà, mo dúpẹ́. Ojú ló kàn ń ṣe bàìbàì díẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní ìyàwó rẹ ń rojọ́ pé òun àti ògiri lòun jọ ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó ń sọ lò ń gbọ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà.

O rántí bí bàbá wa ṣe tọ́ wa: ọkùnrin kì í fọhùn títí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò fi parí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní tiwọn, bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná, "Hẹn! Háà! Ó wá ńkọ́?" làwọn yòókù ń ṣe. Aláriwo la máa ń pè wọ́n. A ò mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ń bá a gbé ọ̀rọ̀ náà, bí ìgbà téèyàn ń báni gbẹ́rù.

Lọ́dún tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, mò ń ṣe máàkì ìwé ìdánwò lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó wọlé, tó ní àyà ń dun òun. Mo gbọ́. N kò gbójú sókè, n kò sì sọ pé "hẹn". Ó ní, "Tíṣà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àga kì í kúkú dáhùn." Ó bá jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá dókítà nítorí àyà tó ń dùn ún náà. Ó bi mí bóyá ìyàwó mi ti dákú rí. Mo ní rárá o. Ó ní kí n mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ọlọ́jọ́ dé.

Ọjọ́ ìsìnkú ni obìnrin télọ̀ tó múlé tì wá tó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi ti dákú. "Bàbá, ó ní òun fẹ́ sọ fún yín, ẹ ò dá òun lóhùn. Èmi ṣáà ń ṣe 'hẹn, hẹn', ló bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Tèmi kọjá bẹ́ẹ̀: ìdákẹ́ mi ló pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Má ṣe ka lẹ́tà yìí fún ìyàwó wa. Lọ jókòó tì í, kí o bi í léèrè ohun tó ń sọ lọ́jọ́sí, kí o sì jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ bó ṣe ń sọ ọ́. Ní tèmi, ó máa ń dà bíi pé mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá àwọn ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Màá sọ kálámù kalẹ̀, màá ní, "Hẹn, mò ń gbọ́. Kí ló tún ṣe ọ́?" Màá sì dúró.

Tìrẹ ni mo ṣì ń jẹ́,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, Tíṣà.