Ibi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé Kúrò

                                        Yàrá Kẹrin, Ilé Alájà Mẹ́ta,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé èyí tó kéré ti jáwọ́ nínú jíjẹ èékánná? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀ díẹ̀? Màmá ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣe fún wọn ti ń ríran dáadáa? Ara tiwa náà le níhìn-ín. Bàbá ọmọ mi ṣì ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, àyà mi ń já bó ṣe máa ń já.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé, "Ibo lẹ bá ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn dé? Ìgbà wo la máa rí ìyàwó àwọn ìbejì mi nínú tẹlifíṣọ̀n?" Mo ka ibẹ̀, mo pa lẹ́tà náà dé, ó sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Má bínú. Kì í ṣe pé mi ò ráyè. Ojú ló ń tì mí.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún wa pé etí ọmọbìnrin mi, ìyàwó àwọn ìbejì rẹ yìí, ò gbọ́ nǹkan kan, ilé-ìwé kékeré yẹn nìkan ni mo fi ń mí. Yàrá gbọọrọ kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé. Ọmọ mẹ́rìnlá, tíṣà méjì. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ọ, tí mo fi wá mọ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti bí i, pé ọmọ mi ò fẹ́ràn ẹyin. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń há ẹyin sí i lẹ́nu!

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń gba yàrá náà fún wa kọ̀wé pé nínú gbogbo àwọn tí àwọn ń ràn lọ́wọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni owó àwọn á lè ká láti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mú òun gbé fíìmù kúkurú kan wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Kò ní òṣèré, kò ní ìtàn àròsọ. Ìgbésí ayé ènìyàn gan-an ni kámẹ́rà máa ń tẹ̀ lé. Ìgbìmọ̀ á wo gbogbo rẹ̀, wọn á mú ẹyọ kan. Bí wọn ò bá mú tiwa, a ó ti ilẹ̀kùn.

Àbúrò olùkọ́ àgbà ló bá wa yà á. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kámẹ́rà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, la bá sọ ọ́ ní Oníkámẹ́rà. Ó ní òun á kàn máa wọlé, òun á máa jáde, kí a má ka òun sí. Ìyá Ìbejì, ìwọ náà wò ó, àlejò ń bọ̀ nílé rẹ, o ò ní gbálẹ̀? A gbálẹ̀. A kun ògiri. A rán aṣọ funfun fún gbogbo ọmọ. Ìyá ọkọ mi ra ìbọ̀sẹ̀ funfun wá, wọ́n ní, "Gbogbo ayé ló máa wò ó. Kí wọ́n má rò pé a pa á tì." Oníkámẹ́rà wo ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó mí kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí Oníkámẹ́rà yọ sí wa lọ́sàn-án láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ ńlá wọn nísàlẹ̀, ilẹ̀ yàrá wa sì ń gbọ̀n. O ò tíì rí ohun tí àwọn ọmọ yẹn máa ń ṣe tí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n báyẹn. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọmọ tèmi ló wà níwájú, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya lábíyá, ikun ń ṣàn dé ètè rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. O ṣáà mọ ẹ̀rín rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sín in jẹ tí a bá ń kọjá. Èmi náà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò wé gèlè, irun mi rí wúruwùru, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Oníkámẹ́rà fi hàn wá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo figbe ta. Mo ní kó gé e kúrò kíá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí gan-an ni fíìmù náà. Àlàyé lásán ni ìyókù."

Mo ní, "Ṣé ọmọ tìrẹ ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ó ní, "Wọn ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá rí i báyìí, ó máa gbé e lọ sílé lọ́kàn."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ! Mo ní kó pa á rẹ́ lójú mi, kí n rí i pé ó ti lọ. Ó tẹ nǹkan kan, ibẹ̀ sì pa rẹ́ lóòótọ́. Ni àwọn ìyá yòókù bá gbà á lẹ́nu mi. Èyí tó ń ránṣọ ní kí wọ́n yọ ibi tí òun ti jẹ́wọ́ pé òun máa ń fi ọmọ òun pamọ́ fún àlejò tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n yọ ibi tí òun àti ọkọ òun ti ń bá ara wọn fà á. Olùkọ́ àgbà fúnra wọn ní ẹkún tí àwọn sun níbẹ̀ ò bá ipò àwọn mu. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀.

Kí ló wá kù? Olùkọ́ àgbà lórí àga, tí wọ́n ń ka ìwé olójú ewé mẹ́ta. Iye ọmọ tí etí wọn ò gbọ́ nǹkan, iye tíṣà, iye ọdún. Àwọn ọmọ wa tó tò bí ìgò lórí pẹpẹ. Èmi pẹ̀lú gèlè gàgàrà, mò ń sọ pé inú wa dùn púpọ̀ sí ilé-ìwé yìí. Ogún ìṣẹ́jú, orin arò sì ń dún lábẹ́ rẹ̀, orin tí àwọn ọmọ tó ni fíìmù ò lè gbọ́.

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlá ló jókòó wò ó. Mi ò wo fíìmù rárá, ojú wọn ni mò ń wò. Ìṣẹ́jú kẹta, obìnrin kan yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ìṣẹ́jú kẹfà, bàbá kan ti ń tẹ fóònù. Èyí tó sanra jù ń mi orí sókè-sódò, mo rò pé ó ń gbè wá ni, àṣé oorun ló ń kùn ún. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó mọ́ tónítóní." Obìnrin aláwò ojú ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ọmọ yìí tiẹ̀ ní ìṣòro kankan?"

Fíìmù bàbá kan tó ń tọ́jú ajá tí wọ́n jù sígboro ló tẹ̀ lé tiwa. Fóònù ni wọ́n fi yà á. Ṣòkòtò bàbá náà ti ya lórúnkún. Ó ń wẹ ajá kan tó ṣẹ́ku ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú bàsíà, ó ń bá a jà bí ìyàwó ilé: "O tún ti lọ yí ẹrẹ̀ mọ́ra! O fẹ́ pa mí ni? Tí o bá kú, ta ni màá máa bá jà?" Ajá yẹn kàn gbé imú lé e léjìká. Kò sẹ́ni tó ka ìwé. Kò sẹ́ni tó ka iye. Bàbá tó ń sùn ti jí, ó ń fa imú. Obìnrin aláwò ojú ń sunkún. Ìyá Ìbejì, èmi náà sunkún. Tìtorí ọmọ mi ni mo ṣe lọ síbẹ̀, ajá ni mo wá sunkún fún. Mo ti mọ ẹni tí wọ́n máa mú kí alága tó la ẹnu.

Ìgbìmọ̀ yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ní kí a wá fi ara wa hàn, a fi aṣọ wa hàn. Mo sá tọ Oníkámẹ́rà lọ, mo bi í bóyá ó tún ní ẹ̀dà kan níbìkan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n pa á rẹ́." Kò bínú sí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bàbá ọmọ mi ní kí n yé dá ara mi lẹ́bi, pé kódà ká ti fi í sílẹ̀, ta ló sọ pé a ó borí ajá? Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni. Mo rẹ́rìn-ín, kó lè jẹun.

A kó ẹrù kúrò ní yàrá náà nínú oṣù keje. Ilé-ìwé adití tó tún súnmọ́ wa jù, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni, wọ́n sì ní àyè ti kún fún ọdún méjì. Mo bá fi ọmọ sí ilé-ìwé tó wà ládùúgbò. Tíṣà ibẹ̀ ń gbìyànjú, ó ń pariwo sí i létí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ mi ń na ọwọ́ sókè, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lánàá, mo fi ọwọ́ bi í pé kí ló ṣe nílé-ìwé. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó kó ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Má ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí o, wọn ò ní sùn. Sọ fún àwọn ìbejì pé tí wọ́n bá wá nígbà ìsinmi, kí wọ́n fi ọwọ́ kí ìyàwó wọn bí mo ṣe kọ́ wọn. Ó lè dá wọn lóhùn. Èmi ò mọ̀ mọ́.

Èmi náà ṣì ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Oníjáyà, bí ẹ ṣe sọ mí ní kíláàsì.