Ẹfun Tí Kò Kọjá Orúnkún

Kàdúná, Ọjọ́rú, oṣù kẹfà, 1962

Ṣílè mẹ́wàá àsansílẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá Sàláwù onílé ní Kakúrí. Èmi ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀.

Yàrá náà wù mí, ó ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹfun tuntun wo ni wọ́n fi kun ògiri tí kò kọjá orúnkún? Mo bi Bàbá lónìí, ló bá bú sẹ́rìn-ín: “Ìyá Bíọ́dún, ojú yín mà mú o! Ẹfun ló tán.”

Ẹfun tán, garawa ẹfun sì kún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bí mo ṣe ń jáde, obìnrin Haúsá tó ń gbé yàrá kejì bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀dì mi ga. Mo ní kò ga. Ó ní, “To, Mama, sai hankuri,” pé kí n ṣáà ṣe sùúrù, ó sì wọlé.

Àbí ibi tí omi òjò ń dé ni wọ́n kun bò? Ilẹ̀ ni mo ń to ìgàn aṣọ tí mò ń tà sí. Bí omi bá kàn án pẹ́nrẹ́n, òwò parí.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kí n jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò wò bóyá omi ń wọlé, tàbí kó dá owó mi padà. Ó ní òun á rò ó.

Kí ló fẹ́ rò? Ọjọ́ Sátidé ni mo dá fún un.