Màmá Josephine Oyèbísí Ọláògún, Agé-òjìji Ìlú Enugu (1958–2024)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1958, ní Coal Camp, Enugu, ni a bí Màmá wa sínú ìdílé Ògúnbíyìí ti Ìpetumodù. Pápá Felix, bàbá wọn, jẹ́ akọ̀wé níléeṣẹ́ tó ń wa èédú. Ìyá Àgbà Rita, ìyá wọn, ń ránṣọ. Nígbà tí ìlú dàrú ní 1967, Ìyá Àgbà kó àwọn ọmọ padà sí Ìpetumodù. Pápá ní kí wọ́n máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Pápá kò dé mọ́. Àìsàn mú wọn lọ lákòókò ogun, ilé àti gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ sì jóná.

Màmá kàwé ní Ìpetumodù, wọ́n sì kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1981, Enugu ni wọ́n rán wọn lọ sìnlú sí gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ẹbí ní kí wọ́n tọrọ ibòmíràn; Màmá fàáké kọ́rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di olùkọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ́ Bàbá Caleb Ọláògún, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mànàmáná, ní 1985.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ayé fi mọ̀ wọ́n. Wọn a kun ọ̀dà sójú pátákó, wọn a po ẹ̀rún èédú mọ́ ọn, wọn a lẹ àjákù aṣọ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọn a gé ènìyàn lára ṣíbọ́ọ̀dù, pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, wọn a kùn ún dúdú bí òjìji, kò lójú, kò nímú, wọn a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pátákó náà. Àwọn káfíńtà àdúgbò Abakpa ní Enugu kì í da àgékù ṣíbọ́ọ̀dù nù láì kọ́kọ́ pè wọ́n. Àwa ọmọ jẹ eruku ayùn nínú ọbẹ̀ títí ó fi mọ́ wa lára. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, Màmá a ní ẹni tó bá mọ ènìyàn yóò mọ ìdúró rẹ̀.

Nínú ìjọ, ìyá ẹgbẹ́ ni wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, wọn a gé àwòrán ẹranko lára ṣíbọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ Yorùbá Enugu tí Pidgin ti gba ẹnu wọn. Ọmọ tó bá pe orúkọ ẹranko náà ní Yorùbá ló ń mú un lọ sílé.

Ìdánwò ńlá dé ní 2012: Màmá gé òjìji Pápá Felix, wọ́n sì kun ilé Coal Camp àti títì iwájú rẹ̀ sẹ́yìn àwòrán. Wọn kò rántí ojú bàbá wọn mọ́. Orí tó máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ àti fáìlì abẹ́ abíyá nìkan ló kù lọ́kàn wọn. Bí Ìyá Àgbà kò bá dá ọkọ wọn mọ̀, a jẹ́ pé bàbá ti bọ́ lọ́wọ́ Màmá pátápátá. Ẹ̀rù bà wọ́n lọ́jọ́ náà, àwa ọmọ rí i.

Màmá fi àwòrán náà han Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wò ó títí, omi lé sójú wọn. "Bàbá Oyèbísí nìyí," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n kọjú sí títì? Ṣé wọ́n tún ń lọ ni?"

Màmá kò tíì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé Pápá kúrò, wọ́n yí ẹ̀yìn pákó síwájú, ni Pápá bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o."

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n fi Bàbá Caleb sílẹ̀, àti àwa ọmọ, Ẹwàolúwa, Tọ́pẹ́ àti Olúwajùwọ́n, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Ẹ sùn re o, Màmá. Ẹ wo ojú Pápá dáadáa.