Férémù Ńlá Tí A Tà fún Ìyá Agbẹ̀bí

Ọdún márùn-ún pé lónìí tí ẹ ti lọ, Bàbá àwọn ọmọ mi. Ọdún márùn-ún! Ó dà bí àná, ó sì dà bí ìgbà tí ọjọ́ ti pẹ́.

Àbíkẹ́yìn yín ti ga ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ń tẹrí ba kó tó wọlé. A ti parí yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀ láìní òrùlé. Òjò kì í pa àwọn táyà mọ́. Ojú mi tó ń ṣe bàìbàì, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i, mo tún ti ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra mi. Àkọ́bí yín, ọmọbìnrin tí ẹ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ láràárọ̀.

Bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí yín lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. A tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ yín ń lọ déédéé, pé orúkọ yín ò bàjẹ́. Irọ́ ni, Bàbá wọn. Ojú ló tì wá láti sọ òótọ́. Lọ́dún yìí, àkọ́bí yín fúnra rẹ̀ ló ní kí n mú bíìrò, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ rántí Ìyá Agbẹ̀bí. Ta ló lè gbàgbé wọn? Ọwọ́ wọn ni àbíkẹ́yìn wa bọ́ sí lọ́jọ́ tó wá sáyé. Àwọn ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àwọn ilé orí òkè, níbi tí ọ̀nà ti jẹ́ kìkì òkúta, tí mọ́tò kì í dé. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ wọn àtijọ́ dẹnu kọlẹ̀, wọ́n wá bá ọmọ yín. Kẹ̀kẹ́ orí òkè oníjíà kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́. Wọ́n ní jíà púpọ̀, wàhálà púpọ̀.

Ẹ̀yin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wọ̀n-Ọ́n, ẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kí oníbàárà bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó há ìwé líle sáàárín itan, kó fà á sókè bí ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́. Kí a fi pẹ́ńsù sàmì sí ògiri, kí a wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà kó gbé ẹsẹ̀ sọdá férémù, egungun kẹ̀kẹ́, kó dúró gangan, kí ìka mẹ́rin gba àárín òun àti irin ìdábùú. Ẹ kọ́ ọ títí ó fi ń sín yín jẹ níwájú wa. Ẹ máa ń ní gíga kọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ni. Ẹ tún máa ń ní kẹ̀kẹ́ oníjíà kan ò ní jíà kékeré tó máa báni bẹ òkè: bí agbára bá tán, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè dé ilẹ̀.

Ọmọ yín kò wọn Ìyá Agbẹ̀bí. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Kò wọ̀n wọ́n!

Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Férémù ńlá kan, onínṣì mọ́kàndínlógún, sì ti wà lára ògiri fún ọdún méjì láìrí ẹni tó máa mú un lọ. Àkọ́bí yín wo Ìyá Agbẹ̀bí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló gùn, ẹsẹ̀ kúrú. Ó ní férémù yìí gan-an ló tọ́ sí wọn. Ó to kẹ̀kẹ́ pọ̀. Ìyá Agbẹ̀bí gbé ẹsẹ̀ sọdá, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

"Irin yìí ń kàn mí o, ọmọ mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Màá rẹ ìjókòó sílẹ̀. Ara yín máa mọ́ ọn."

Téèyàn bá rẹ ìjókòó sílẹ̀, irin ìdábùú ò tìtorí ẹ̀ rẹlẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá wọn. Ọmọ yín ni, ó mọ̀. Èyí ló ń dùn ún jù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ aboyún kan tó ń rọbí lórí òkè. Níbi tí ọ̀nà ti le jù, ẹsẹ̀ wọn ò lè yí pẹ́dà mọ́, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi. Wọ́n na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dà wọ́n nù sórí òkúta, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún tẹlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ kán. Ọwọ́ agbẹ̀bí!

Nígbà tí ìròyìn dé, ṣé ẹ mọ ohun tí àkọ́bí yín sọ? Ó ní, "Wọn ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn mọ́ ni. Ara ti ń dàgbà." Oníbàárà mẹ́ta ló sọ ọ́ fún. Èmi náà, ìyàwó yín, mo gbè é lẹ́yìn. Mo ní ọmọ Ẹ-Jẹ́-N-Wọ̀n-Ọ́n ò lè ṣi férémù mú. Orúkọ yín ni mo fi bo irọ́ mọ́lẹ̀! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a kọ ìwé ìrántí ọdún tó kọjá. Ẹ foríjì mí.

Ọkọ Ìyá Agbẹ̀bí ló ti kẹ̀kẹ́ náà padà wá. Káfíńtà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ apá, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ti fi ọ̀bẹ sàmì sí i. "Ibi tí itan ìyàwó mi dé nìyẹn," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àkọ́bí yín gbé igi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Irin ìdábùú fi ìka méjì ga ju àmì náà lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́. Oníbàárà kan wọlé, ó bi í bóyá nǹkan ló sọnù. Ó kàn tọ́ka sí àmì ara igi náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi pé ó ń kàn yín, mo sì gbọ́. Mo fẹ́ kí férémù yẹn kúrò lára ògiri mi ni. Mo tún wá ń sọ kiri pé ẹ ò mọ̀ ọ́n gùn."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà," ni Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "Ọwọ́ mi ló kán, etí mi ò di."

Wọn ò ní kó dìde. Wọ́n bi í pé, "Ta ló máa wá bá mi gbé àpò?"

Ọ̀sẹ̀ méje! Ọ̀sẹ̀ méje ni ọmọ yín fi gbé àpò náà kọ́ apá, tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn gun òkè láràárọ̀ kó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń fẹnu júwe, nọ́ọ̀sì kan ń gbẹ̀bí, òun ń gbé omi gbígbóná, ó ń di ẹ̀yìn aláboyún mú. Wọ́n dé ilé obìnrin tí wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ dà. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló gba ọmọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn méjèèjì. Obìnrin náà béèrè ẹni tí ọmọ yín jẹ́, òun náà sì sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Obìnrin náà gba ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àkọ́bí yín padà. Àkọ́bí yín gbé àpò, ó jáde síta lọ dúró.

Nígbà tí ọwọ́ jinná, ó wọn Ìyá Agbẹ̀bí lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú férémù onínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó gùn díẹ̀ sí i nítorí ẹ̀yìn wọn tó gùn. Wọ́n dúró lórí rẹ̀, ìka mẹ́rin wọlé. Wọ́n gùn ún lọ sókè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ padà.

"Ó bá mi mu," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ò sọ pé mo ti gbàgbé o."

Ọrùn ọwọ́ náà ò tẹ̀ délẹ̀ mọ́, títí di òní. Tí òtútù bá mú, ìka méjì máa ń kú tipiri. Ọmọ yín mọ̀, nítorí ó máa ń lọ béèrè. Ó ti wá ń wọn gbogbo èèyàn báyìí, títí kan ẹni tó kàn wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

A ti já ìwé irọ́ ọdún tó kọjá lára ògiri. Èyí la máa lẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá kà á.

Àárò yín ń sọ wá, Bàbá wọn. Ó ń sọ wá gan-an ni! Àkọ́bí yín ní ohun tó ń dun òun jù ni pé ẹ ò sí nílé láti bá òun wí. Mo bá a wí, kò tó o. Gbogbo èèyàn bá a wí, kò tó o. Ohùn yín ló ń wá. Bí ẹ bá ń gbọ́ wa, ẹ bá a wí dáadáa, ẹ má dá ọ̀kankan sí. Tí ẹ bá sì parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é ní ọmọ yín.