Èèrà Kò Mọ Irọ́ Pa

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Ọmọ yín tí kò mọ a yàtọ̀ sí b nígbà tí ẹ wà láyé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé yìí. Mo ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀ kí n tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Àìsàn tó mú yín lọ náà ló mú Àkànní, àbíkẹ́yìn yín. Ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń gbà láràárọ̀ ti ń fún un lókun, àfi bí ọkùnrin kan ṣe gbé mọ́tò oògùn dé ibùdókọ̀ Fìdítì, tó ń pariwo nínú gbohùngbohùn. Ọjọ́ náà ni Àkànní pa abẹ́rẹ́ tì. Ó ní Àǹtí Ọ́sídáǹtì ti gba iṣẹ́ náà ṣe.

Bàbá, mo rò pé obìnrin ni. Mo bi í pé, "Ọmọ ilé ta ni Àǹtí yìí? Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀ ọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn inú ìgò ni o! Ẹ tètè padà sí kíláàsì!"

Kó máa rẹ́rìn-ín. Ìfura loògùn àgbà.

Ọmọọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì (ẹ bá mi yọ̀, ọmọ náà gbọ́n!) ló là mí lóye. Ó ní àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú wa, tí ojú kò rí, tó ń ṣe ínsúlínì tó ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan máa ń bà wọ́n jẹ́ bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Ohun tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti èso, tó ń gbógun ti irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ń pè ní antiọ́sídáǹtì. Wọ́n ṣì ń wádìí bó ṣe wúlò tó.

Mo wá rántí yín. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó fi epo pupa ra ọkọ́ àti àdá, ẹ ó fi wọ́n há àjà. Ṣùgbọ́n èyí tí ìpẹtà ti jẹ tán, ẹ kì í fepo ṣòfò lé e. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ lẹ ń gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ ni alágbẹ̀dẹ Àkànní. Ta ló ní kó fi epo pààrọ̀ alágbẹ̀dẹ?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo tọ́ oògùn ìgò náà wò. Ó dùn! Àkànní ní adùn ọsàn lásán ni. N kò bá a jà. Mo da díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ máa ń tọ̀ sí nígbà àìsàn yín, tí èèrà máa ń bò, tí gbogbo ilé ń fura síra wọn pé ta ló ṣe yín. Ta là bá bi nígbà náà, Bàbá, tí yóò sọ fún wa pé ṣúgà inú ìtọ̀ ni èèrà ń wá?

Ká tó jẹun tán, èèrà ti bò ó ṣúṣú. Mo pe Àkànní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun náà rántí ibẹ̀. Ó wò ó, wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Ó ti padà sídìí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fura sí i. Mo máa ń dúró tì í títí yóò fi gbà á tán, kí n tó yọjú sẹ́yìnkùlé, níbi tí òun náà ń tọ̀ sí báyìí. Lónìí, kò sí èèrà kankan níbẹ̀.

Ẹ sùn ire, Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń fi epo ra ọkọ́ yín.